Ìbọn Tí Mo Gbé Pamọ́

Òfin mẹ́ta péré ló wà nínú ilé mi ní Àjàó Ẹ̀sítéètì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ bàtà dórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹran kó tó jẹ ìrẹsì tán. Ìbọn kò sì gbọdọ̀ wọlé, ì báà ṣe ti rọ́bà, ì báà ṣe ti igi, ì báà ṣe èyí tó ń tu omi. Òfin méjì àkọ́kọ́, ọkọ mi ló ń rú wọn, mo sì ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta, ìyá tó bí mi lọ́mọ ló rú u, lójú mi kòrókòró, lọ́jọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, wọ́n sì tún ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tí màámi jẹ́ kí ẹ tó bá wa dá sí i. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní ọjà Aswani, wọ́n sì ti ń tà á kí n tó mọ ení èjì í kà. Ìsẹ́yìn làwọn òbí wọn ti wá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní ọmọ Ìsọlọ̀ làwọn, torí ibẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, ohùn wọn ló ga. Bí wọ́n bá ní kí oníbàárà jókòó, oníbàárà á ti jókòó kó tó rántí pé òun ò fẹ́ ra nǹkan kan. Ọmọ mi kan ṣoṣo, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà, Màmá Aswani ló ń pè wọ́n, ohun tí Màmá Aswani bá sì ti sọ, ó parí nìyẹn. Èmi tí mo bí i, wọ́n kàn ń gbọ́ tèmi ni.

Gbogbo ẹni tó bá dàgbà lápá ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé aṣọ tuntun nìkan kò tó ọmọ lọ́jọ́ ọdún. Ọmọ gbọ́dọ̀ ní awò dúdú tí kò ní jẹ́ kó ríran dáadáa, aago ọwọ́ tí kì í yí, àti ìbọn. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí. Bí wọ́n bá ti kírun tán, ẹ ó rí àwọn ọmọ kéékèèké lójú títì nínú aṣọ ọdún wọn, wọ́n ń yìnbọn lu ara wọn, wọ́n á dúró díẹ̀ kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà tó ń kọjá lọ, "Ẹ kú ọdún o, mà," wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ ogun wọn níbi tí wọ́n ti dá a dúró. Èmi gba awò láyè, mo gba aago láyè. Mo rò pé wọ́n gbọ́ mi yé.

Lọ́jọ́ ọdún náà, màámi mú ọmọ mi lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Èmi wà ní kíṣìnnì, mò ń bu ìrẹsì. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí, mo rí ọmọ mi pẹ̀lú awò tó bo ojú rẹ̀ dé ìdajì ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó na ìbọn gbọọrọ kan sí mi láyà.

"Mọ́mì, ọwọ́ sókè!"

Ìbọn náà ké tatatatata, iná pupa ń ṣẹ́jú lẹ́nu rẹ̀. Ṣíbí ìrẹsì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò gbé ọwọ́ kankan sókè o, kẹ́nikẹ́ni má purọ́ mọ́ mi. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí màámi tí wọ́n ń bọ́ bàtà wọn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

"Màámi, kí lèyí?"

"Ìbọn ni. Ṣé o ò rí i ni?"

"Mo rí i pé ìbọn ni. Ta ló ní kẹ́ ẹ rà á?"

"Ọmọ ló ní òun fẹ́. Bèbí ni mo kọ́kọ́ mú fún un. Ó ní bèbí ò lè gba òun sílẹ̀ bí nǹkan bá dé."

"Màámi, ọmọbìnrin ni o!"

"Ta ló ní kì í ṣe ọmọbìnrin? Àbí ọkùnrin nìkan ni nǹkan máa ń dé bá?"

Mo ní àwọn ìdí tèmi, mo sì lè là wọ́n kalẹ̀ fún wákàtí méjì láìmu omi, torí iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe. Mo sọ fún màámi pé ọmọ tó bá ti ń na ìbọn séèyàn láti kékeré, ojú rẹ̀ á là sí ohun tí kò yẹ. Mo sọ pé ọlọ́pàá ojú títì kò ní dúró yẹ̀ ẹ́ wò bóyá rọ́bà ni. Mo sọ ti àwọn ọmọ kíláàsì mi tí wọ́n ń fi bírò yìnbọn. Màámi jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ń fa ẹran adìyẹ ya ní tiwọn. Ọkọ mi gbé abọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ara yín sọ ọ́," ó sì bọ́ sí bákónì.

Ṣùgbọ́n ìdí gan-an kò sí nínú gbogbo ìyẹn, màámi sì mọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, èmi pẹ̀lú wọn ń bọ̀ láti ojú títì Àgọ́ Palace lọ́sàn-án gangan, làwọn adigunjalè bá ya bo báńkì kan. Kò síbi tá a lè sá sí ju inú gọ́tà lọ. Màámi tì mí wọ inú rẹ̀, wọ́n sùn lé mi lórí, wọ́n sì wúwo. Mò ń gbọ́ ìbọn lókè, mo sì ń gbọ́ bí àyà wọn ṣe ń lù kìkì lẹ́yìn mi. Nígbà tó rọlẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú ló bò wá látorí dé ẹsẹ̀, ohun tí màámi sì kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n ka ìka ọwọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ó pé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ohun tó jọ ẹnu ìbọn, kódà kó jẹ́ páìpù omi, àyà mi á kọ́kọ́ já.

Ìdí nìyẹn tó fi dùn mí dénú pé àwọn gan-an ló ra nǹkan náà wọlé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

"Èmi ni mo wà lókè ẹ lọ́jọ́ náà," màámi dáhùn. "Bí ìbọn bá fẹ́ ba ẹnikẹ́ni, ẹ̀yìn mi ló máa kọ́kọ́ bà. Ṣé o rántí ohun tó o ṣe lẹ́yìn ìgbà náà?"

"Kí ni mo ṣe?"

"O ò sùn. O ò jẹun. Ìgbà tó yá, ìwọ àtàwọn ọmọ kọ́ḿpáàǹdì kó igi, ẹ ń ṣe adigunjalè. Ìwọ lo máa ń ṣe ọ̀gá wọn. Odindi ọ̀sẹ̀ kan lẹ fi ń dojú bolẹ̀ káàkiri, tí mò ń fọ aṣọ. Ọjọ́ tó o bẹ̀rẹ̀ eré yẹn lo tó padà jẹun."

Mo ní mi ò rántí. Òótọ́ sì ni, mi ò rántí. Màámi ní kò burú, àwọn rántí.

Bí ogun ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín èmi àti ọmọ mi nìyẹn. Mo gba ìbọn náà, mo gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù ìrẹsì; ó rí i. Mo gbé e sínú ààrò abẹ́ sítóófù tí a kì í lò. Ó rí i, ó sì bi mí pé ṣé mo fẹ́ sè é ni. Mo gbé e sẹ́yìn àwọn ìwé bàbá ẹ̀, níbi tí mo mọ̀ pé bàbá náà fúnra rẹ̀ kì í dé. Ó rí i. Gbogbo ìgbà tó bá rí i ló ń bọ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú awò dúdú, "Mọ́mì, ọwọ́ sókè!" Gbogbo ìgbà tó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ ni mò ń fìyà jẹ ẹ́.

Èmi kì í na ọmọ o. Ìyà táwa tíṣà mọ̀ náà ni mo fi ń jẹ ẹ́: kúnlẹ̀, kọjú sógiri, ká ọwọ́ méjèèjì sókè, má sọ ọ́ kalẹ̀ títí n óò fi sọ pé ó tó. Kò ní àpá, kò ní ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ kan màámi bá a lórí ìkúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín sínú. Mo bi wọ́n pé kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò sí.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, mo wá ibì kan tó dáa fún ìbọn náà. Ó dáa débi pé nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, èmi gan-an kò rántí ibẹ̀ mọ́. Inú mi dùn. Ọmọ mi wá a títí, ó rẹ̀ ẹ́, èmi náà sì ń rìn káàkiri ilé bí ọ̀gágun tó ti ṣẹ́gun.

Àkókò náà ni Hájì màámi súnmọ́lé. Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe tó bí mi ò bá sọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ni wọ́n ti ń sọ pé "lọ́dún tó ń bọ̀". Ọdún tó ń bọ̀ á dé, màá wọ yunifásítì. Èyí tó tẹ̀ lé e, bàbá mi á ṣàìsàn. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, mo ṣègbéyàwó, kó tó yá, mo bímọ. Gbogbo ẹgbẹ́ wọn ní Aswani ti di Alhaja, màámi nìkan ni wọ́n ṣì ń pè ní Ìyá Aláṣọ, wọ́n á sì fi ẹ̀rín jẹ́ ẹ. Lọ́dún yìí, orúkọ wọn jáde. Wọ́n kó wá sílé mi torí pé ọ̀dọ̀ wa ló súnmọ́ ibi tí bàálù ti ń gbéra, ó ku ọjọ́ mẹ́wàá.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ sí Mẹ́kà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ àwọn tó bá ti ṣẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè mọ́ dé ọ̀hún. Màámi mú un ní iṣẹ́ gidi. Wọ́n yí gbogbo Aswani po láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n bẹ obìnrin tí wọ́n jọ ń jà lórí àyè ìpàtẹ láti ìgbà tí mo ti ń wọ páńpásì. Wọ́n bẹ oníbàárà kan tí wọ́n ti pè ní aláìnítìjú, lójú ẹ̀ àti lẹ́yìn ẹ̀. Lálẹ́ wọ́n á padà wá, wọ́n á jókòó ka àwọn tó kù. Ọmọ mi tẹ̀ lé wọn lọ lọ́jọ́ Sátidé kan, ó padà dé pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ náà lórí: bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ àti bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn.

Wọ́n bẹ ọmọ náà alára. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ní pálọ̀ mi, àgbàlagbà obìnrin, wọ́n ní, "Ẹ forí jì mí o, ìyá mi. Bí mo bá ti ṣẹ̀ yín." Ọmọ náà ní, "Mo ti forí jì yín. Kí Ọlọ́run forí ji gbogbo wa." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ èmi náà, fún ohun gbogbo láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

"Ti ìbọn ńkọ́?" ni mo bi wọ́n.

"Ìyẹn? Mi ò ṣẹ̀ ẹ́ níbẹ̀."

Báàgì ló tún kù. Àwọn tó ń ṣètò Hájì fún oníkálukú ní báàgì kékeré kan tí wọn yóò gbé dání wọ inú bàálù, màámi sì tú tiwọn, wọ́n tún un dì, wọ́n tún tú u, mi ò lè ka iye ìgbà. Nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, bí a ṣe ń di aṣọ yàtọ̀. A ó ká a lẹ́ẹ̀mẹta, a ó fi etí rẹ̀ bọ inú, a ó wá ta kókó kan sọ́wọ́ òsì, èyí tó jẹ́ pé bí èèyàn bá fa etí kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ á tú lẹ́ẹ̀kan náà, kí oníbàárà má baà ríbi sá sí. Ìkó lórí ni wọ́n fi kọ́ mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Gbogbo nǹkan inú báàgì náà, láti orí hìjáàbù dé orí ọ̀ṣẹ, èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn dì bẹ́ẹ̀. "Ìwọ nìkan lọ́wọ́ ẹ jọ tèmi," wọ́n ní. Nígbà tó fi máa tán, ìdìpọ̀ kéékèèké ló kún inú rẹ̀, gbogbo wọn rí bákan náà. Mo gbé báàgì náà lé orí wọ́díróòbù, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé.

Ọ̀sán ni wọ́n ń gbéra. Ọkọ mi fi mọ́tò gbé gbogbo wa lọ sí pápá bàálù, àti ọmọ mi. Àwọn arìnrìnàjò wọ aṣọ kan náà, màámi sì ti fọwọ́ pa tiwọn wò, wọ́n sọ sí mi létí pé aṣọ yìí á ti ṣá kó tó dé Jẹ́dà. Wọ́n fi irin dí àwa ẹbí mọ́ ẹ̀yìn, a ń wo àwọn èèyàn wa bí wọ́n ṣe ń tò lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò. Ibẹ̀ kò jìnnà, a ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Ó kan màámi. Òṣìṣẹ́ obìnrin kan ṣí báàgì wọn, ó yọ ìdìpọ̀ kan, ó yọ èkejì. Ó wá yọ ọ̀kan tó wúwo, ó fa etí kókó rẹ̀, ó tú.

Síkáàfù mi elésè àlùkò ni, èyí tí mo ti ń wá láti ọ̀sẹ̀ kan. Ìbọn ọmọ mi ló wà láàárín rẹ̀.

"Màmá," ni obìnrin náà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe ní Mẹ́kà?"

Gbogbo ìlà na ọrùn wò ó. Baba kan lẹ́yìn màámi wá ní, "Òkúta ni wọ́n ní ká sọ lu Ṣàìtánì o, Alhaja ní ìbọn ni tòun." Ẹ̀rín bú. Ọ̀gá kan yára dé, kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó gba ìbọn náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Tatatatata! Iná pupa ń ṣẹ́jú. Baba tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí nílẹ̀. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀.

"Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màmá," ọ̀gá náà wí.

Màámi bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà ń lọ. Bọ́ọ̀sì tí yóò kó wọn dé ìdí bàálù ti ń kún. Màámi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì tó ya ẹnu sílẹ̀, mo sì rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi pé wọ́n ti darúgbó. Gbogbo ọdún tí wọn ò lọ, torí tèmi ni, ìgbà tí wọ́n wá fẹ́ lọ, ìbọn rọ́bà fẹ́ dá wọn padà. Ẹ̀rù bà mí. Inú sì bí mi, mo yíjú sí ọmọ mi, mo fa etí rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.

"Kí ni mo sọ fún ẹ? Kí ni mo sọ fún ẹ nípa ìbọn yìí?"

"Kì í ṣe èmi, Mọ́mì."

"Ta wá ni? Èmi ni?"

Ó bú sẹ́kún. Màámi gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n wẹ̀yìn. Wọ́n mú síkáàfù náà lórí tábìlì, wọ́n wo ibi tí kókó rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ tó ti rún, wọ́n fi ọwọ́ tọ́ ọ. Wọ́n wò mí. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni wọ́n fi ń wò mí, èmi náà sì mirí padà bí ẹni pé ká sáà mú un mọ́ra.

"Èmi ni mo gbé e síbẹ̀," màámi wí fún ọ̀gá náà.

"Ẹ̀yin, mà?"

"Èmi ni. Ìṣeré ọmọ ọmọ mi ni. Mo fẹ́ máa rí i, kí n máa fi rántí rẹ̀. Ẹ má bínú, ọmọ mi, àgbà ti ń dé."

Ọ̀gá náà wo ọmọ tó ń sunkún lẹ́yìn irin. Ó wo màámi. Ojú rẹ̀ rọ̀. "Ẹ máa lọ, Alhaja. Ẹ fi tèmi náà sádùúrà. Ṣùgbọ́n ìbọn ò lọ o." Màámi ká síkáàfù náà sínú báàgì, wọ́n sì sáré lọ sídìí bọ́ọ̀sì bí ọmọ ogún ọdún. Ọ̀gá náà na ìbọn kọjá lórí irin sí mi. "Ẹ gba ìbọn yín, màdáàmù." Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á. Bí mo ṣe gbé e rìn dé ibi tí mọ́tò wà nìyẹn, èmi tí mo ní kò gbọdọ̀ wọlé, tí àwọn èèyàn ń yà fún mi lọ́nà.

Mo sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀ délé. Mo sọ ti àìgbọràn, mo sọ ti olè, mo sọ ti irọ́. Ọmọ náà kọjú sí fèrèsé.

"Ṣé ó dá ẹ lójú pé òun ni?" ọkọ mi bi mí. "Wọ́n fi síkáàfù ẹ dì í."

"Torí olè ni. Ó jí ìyẹn náà."

Ọkọ mi yí rédíò sókè.

A délé, mo ní kó lọ síbi tó mọ̀. Ó lọ. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, ó kọjú sógiri, ó ká ọwọ́ méjèèjì sókè, kò bẹ̀bẹ̀. Mo gbé ìbọn lé tábìlì, mo bu ìrẹsì rẹ̀ dè é. Fóònù mi dún. Màámi ni.

"A ti wọnú bàálù o. Ojú fèrèsé ni wọ́n fi mí sí."

"Alhamdulillah! Màámi, ẹ má bínú sọ́mọ yẹn o."

"Ibo ló wà?"

"Ó wà lórí ìkúnlẹ̀."

"Síkáàfù ẹ wà lọ́wọ́ mi níbí, ojú ìká rẹ̀ ṣì hàn. Wọ́n ká a lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n fi etí bọ inú, wọ́n ta kókó sọ́wọ́ òsì. Ta ló ń di nǹkan bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

"Àti ta?"

"Àti èmi."

"Ṣé o ti kọ́ ọmọ ẹ?"

Mo fẹ́ sọ pé ọmọ tí kò tíì lè so okùn bàtà kò lè ta irú kókó bẹ́ẹ̀, ni ojú mi bá là. Gbogbo rẹ̀ padà wá. Mo rí ara mi lórí àga níwájú wọ́díróòbù. Mo rí báàgì tí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, mo rí bí mo ṣe tú síkáàfù lórí mi, tí mo di ìbọn náà kíákíá kí ọmọ tó wọlé, tí mo tì í sáàárín àwọn ìyókù. Inú mi tiẹ̀ dùn sí ọgbọ́n náà. Mo ní n óò yọ ọ́ lọ́la.

"O mú mi purọ́ lọ́nà Mẹ́kà," màámi wí. "Mo bẹ gbogbo ọjà kí ọkàn mi lè mọ́, mi ò tíì kúrò ní Èkó, mo ti purọ́ torí ẹ." Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló wà lóhùn wọn tàbí ẹkún. "Gbọ́ mi. Láti ọjọ́ ọdún tọ́mọ yẹn ti ń na ìbọn sí wa, ta ló gbọ́wọ́ sókè fún un rí? O ò gbé e. Ọkọ ẹ ò gbé e. Wá wo inú ilé ẹ báyìí, ta lọ́wọ́ ẹ̀ wà lókè?"

Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ fíríìjì.

"Wọ́n ní ká pa fóònù," wọ́n ní, wọ́n sì pa á.

Mo wo ọmọ mi. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó sì ń fi orí gbé ọwọ́ òsì ró kó má baà wálẹ̀. Ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ ti tutù fún òógùn. Ojú tì mí bí ojú kò ṣe tì mí rí, kì í ṣe níwájú ọ̀gá yẹn, níwájú ẹ̀yìn ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Mo rìn lọ síbẹ̀, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo kọjú sógiri, mo ká ọwọ́ mi méjèèjì sókè.

Ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí. "Mọ́mì, ta ló ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀?"

"Màmá Aswani."

"Kí lẹ ṣe?"

"Èmi ni mo gbé ìbọn sínú báàgì wọn. Mo gbàgbé. Mo wá fa etí ẹ."

Ó rò ó. Ó pẹ́ tó rò ó, apá sì ti ń ro mí. "Ṣé ẹ ti bẹ̀bẹ̀?"

Mo gbọ́ ohùn màámi nínú ti ara mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. "Ẹ forí jì mí o, ìyá mi. Mo ṣẹ̀ yín."

"Mo ti forí jì yín," ni ọmọ mi wí, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Aswani gẹ́lẹ́. "Kí Ọlọ́run forí ji gbogbo wa." Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó dìde, ó fọwọ́ pa eékún rẹ̀. Èmi náà fẹ́ dìde. "Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ tiyín kalẹ̀," ó ní.

Ó lọ sídìí tábìlì, ó kọjá lára ìbọn náà láìwò ó, ó jókòó sídìí ìrẹsì rẹ̀. Ẹran ló kọ́kọ́ mú. Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá kó tó fọwọ́ kan ìrẹsì, ó sì ń wò mí lójú bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ọwọ́ mi méjèèjì ṣì wà lókè.